Sí Àjọkẹ́, Lórí Ọ́ìlì Tó Fẹ́ Dà Sínú Ọkọ̀ Pupa

Ọ̀yọ́,
Ọjọ́bọ̀.

Àjọkẹ́ mi,

Nígbà tí o pè mí lọ́jọ́ Ajé, ìdáhùn tí mo fún ọ kò ju gbólóhùn kan lọ. O ní, "Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, nínú ọ́ìlì ọkọ̀ eré-ìje àti ọ́ìlì àpòpọ̀ tí gbogbo ayé ń lò, èwo ni kí n dà sí epo ọkọ̀ yìí?" Mo ní, "Èyí tí gbogbo ayé ń lò ni." O ní kí n ṣàlàyé. Mo ní iná fóònù mi fẹ́ tán. Iná fóònù mi kò fẹ́ tán. Irọ́ kékeré ni, ṣùgbọ́n mo fẹ́ yọ ọ́ kúrò lọ́nà kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ.

Mo lè tún pè ọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ sọ gùn, ẹnu mi kì í sì í lè sọ ọ́ dópin. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbìyànjú rẹ̀ lọ́dọ̀ màmá rẹ nígbà tó wà láyé, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni mo yà á sí ọ̀rọ̀ mìíràn. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó sí tábìlì. Awakọ̀ kan ní gáréèjì ni yóò mú lẹ́tà yìí wá fún ọ lọ́la. Kà á kí oníbàárà rẹ tó dé ní Sátidé.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe yé mi, kí o lè mọ̀ bóyá mo ṣì ọ́ gbọ́. O ti ṣí ṣọ́ọ̀bù tìrẹ ní Under G ní Ògbómọ̀ṣọ́, oṣù kẹta rèé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé ọ̀kadà wá, àwọn onílé ń gbé jẹnẹrétọ̀ wá. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìntì, tó pẹ́ lókè òkun, wá gbé ọkọ̀ pupa onílẹ̀kùn méjì kan wá, irú èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ní písítìnnì. Ó ra agolo ọ́ìlì eré-ìje kan dání, ó ní ìyẹn ni kí o máa pò mọ́ epo rẹ̀. Ìwọ rò pé kò yẹ. Bàbá náà ní ọmọ kékeré ni ọ́, àti pé obìnrin kì í mọ irú nǹkan báyìí. Oníbàárà ńlá rẹ àkọ́kọ́ ni, o kò sì fẹ́ kó gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn.

Lẹ́yìn náà o rẹ́rìn-ín, o ní, "Bó bá tiẹ̀ bàjẹ́, àwọn náà ni wọ́n ní kí n dà á. Ọwọ́ mi mọ́."

Nítorí gbólóhùn yẹn ni mo ṣe ń kọ̀wé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọ́ìlì ni màá kọ́kọ́ sọ, nítorí òun ló rọrùn.

O mọ ẹ́ńjìnnì yìí jù mí lọ nínú ìwé. Oníbàárà rẹ ni kò mọ̀ ọ́n, òun sì ni wàá ṣàlàyé fún, nítorí náà màá sọ ọ́ bí ẹni ń sọ ọ́ fún un. Nínú ẹ́ńjìnnì tí gbogbo wa mọ̀, písítìnnì ló ń lọ sókè tó ń bọ̀ nísàlẹ̀. Nínú èyí, irin onígun mẹ́ta kan ló ń yí po nínú ihò kan. Ní orí igun kọ̀ọ̀kan ni síìlì wà, irin pẹlẹbẹ tí kò nípọn ju ẹ̀yìn ọ̀bẹ lọ. Síìlì yìí ń fi ara nu ògiri ihò náà bó ti ń yí. Bí kò bá rí òróró, yóò gbó kíákíá. Bí ó bá sì há sínú ojúhò tó jókòó sí, agbára ẹ́ńjìnnì yóò máa jò lọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ ọkọ̀ náà í lò fi ń po ọ́ìlì díẹ̀ mọ́ epo, kí síìlì lè rí nǹkan lá.

Ohun méjì ni à ń bèèrè lọ́wọ́ ọ́ìlì náà: kó ran síìlì lọ́wọ́, kó sì jóná tán kó máa lọ. Ọ́ìlì eré-ìje mọ ti àkọ́kọ́ ṣe dáadáa. Ti ìkejì ni kò mọ̀ ọ́n ṣe, àfi bí ẹ́ńjìnnì bá ń sáré àsápajúdé tó sì gbóná janjan. Àwọn tó ń fi ọkọ̀ sáré ìje ń tú ẹ́ńjìnnì wọn palẹ̀ lemọ́lemọ́, wọ́n ń ha ìdọ̀tí inú rẹ̀ kúrò. Bàbá tó ń gbé ọkọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, tó ń dúró ní oríta Takie kí kẹ̀kẹ́ mẹ́wàá kọjá kó tó rìn, kò ní í tú ẹ́ńjìnnì kankan palẹ̀. Ọ́ìlì náà yóò dì nínú rẹ̀ bí oje igi, lẹ́yìn náà yóò le bí èédú, síìlì yóò sì há.

Nítorí náà, ọ́ìlì àpòpọ̀ tí gbogbo ayé ń pò mọ́ epo jẹnẹrétọ̀ kékeré ni kí o lò, èyí tó dára, tí kì í fi eérú sílẹ̀. Má ra èyí tí wọ́n ń wọ̀n sínú ọ̀rá lẹ́bàá títì o. Wò ó bóyá pọ́ńpù tí ń fún ẹ́ńjìnnì náà ní ọ́ìlì ṣì ń ṣiṣẹ́. Bó bá ń ṣiṣẹ́, ìdá kan nínú mẹ́rin lítà ti tó fún àádọ́ta lítà epo. Bí wọ́n bá ti yọ pọ́ńpù náà, lo ìdajì lítà. Da ọ́ìlì sínú táńkì ṣáájú, kí epo tó wọlé, kí epo fúnra rẹ̀ lè rò ó pọ̀. Má fojú wọ̀n ọ́n. Mo fojú wọn nǹkan púpọ̀ nígbà èwe mi. Inú mi máa ń dùn bí ó bá bọ́ sí i, bí kò bá bọ́ sí i n kì í sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ìyẹn ni ìdáhùn ìbéèrè rẹ. Mo mọ̀ ọ́n nítorí pé mo ti da èyí tí kò yẹ sí i rí.

Tíṣà ni o mọ̀ mí sí. Kí n tó di tíṣà, mo ṣe mẹkáníìkì fún ọdún mẹ́ta nínú ìlú Ọ̀yọ́ yìí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́-ọwọ́ ni, ìwé-ẹ̀rí mi wà nínú férémù lára ògiri ṣọ́ọ̀bù. Èmi àti ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Làmídì la jọ ni ṣọ́ọ̀bù náà. Ọmọ alágbẹ̀dẹ ni Làmídì. Kò kàwé ju kíláàsì mẹ́ta lọ, ṣùgbọ́n bó bá fi orí sípánà kan ti ẹ́ńjìnnì, tó fi etí ti orí kejì, yóò sọ ohun tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì náà fún ọ. Ọ̀mọ̀wé ló ń pè mí. Nígbà mìíràn, ó fi ń yẹ́ mi sí. Nígbà mìíràn, ó fi ń bú mi.

Oníṣòwò gẹdú kan wà tó jẹ́ àgbà nínú ìjọ wa. Bàbá Onígẹdú ni gbogbo ìlú ń pè é. Òun ló gbé ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì aláyìípo kan wá bá wa, èyí tí n kò rí irú rẹ̀ rí ní Ọ̀yọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ti òkè òkun dé ti fún mi ní agolo ọ́ìlì eré-ìje, wọ́n ya ọkọ̀ tó ń fò sí i lára. Mo ti ń wá ibi tí màá lò ó sí. Làmídì ṣí agolo náà, ó gbóòórùn rẹ̀.

Ó ní, "Kí lèyí? Ó ń rùn bí òróró lárà."

Mo ní, "Ọ́ìlì tí wọ́n fi ń sáré ìje lókè òkun ni."

"Ọ̀mọ̀wé, ta ni Bàbá Onígẹdú ń lé?"

"Ọ́ìlì tó bá gba ẹ́ńjìnnì tó ń sáré là, ṣé kò ní lè gba èyí tó ń rọra lọ ni?"

"Oúnjẹ ẹṣin ọba kọ́ ni wọ́n ń fún ewúrẹ́ ilé. Ewúrẹ́ yóò jẹ ẹ́ o. Inú rẹ̀ ni yóò wú."

"Làmídì, ìwé ni mo kà."

"Mo rí i lára ògiri."

Àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì rẹ́rìn-ín. Bí wọn kò bá rẹ́rìn-ín, bóyá ǹ bá ti gbé agolo náà sílẹ̀. Mo da ọ́ìlì náà sí epo Bàbá Onígẹdú, mo sì ń dà á sí i ní gbogbo ìgbà tó bá wá. Làmídì kì í sí nítòsí bí mo bá ń dà á.

Kò pé oṣù mẹ́rin tí ọkọ̀ náà kú sí ojú ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́. Lọ́rí agbégẹdú ló fà á padà. A tú u. Gbogbo síìlì rẹ̀ ti há, inú rẹ̀ dúdú, ó ń lẹ̀ mọ́ wa lọ́wọ́. Bàbá Onígẹdú dúró lórí wa.

Wọ́n ní, "Ta ló da kinní yìí sínú epo mi?"

Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi dá wọn lóhùn. Mo ní Làmídì ló ń po epo ní ṣọ́ọ̀bù wa, èmi kì í dá sí i. Gẹ̀ẹ́sì tó jinlẹ̀ ni mo sọ, kí Làmídì tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi má baà gbọ́.

Àwọn èèyàn ti pé jọ. Nígbà tí Bàbá Onígẹdú kọjú sí Làmídì, tí Làmídì sì ní òun kọ́, àgbà kan tó ń na irin ọkọ̀ nínú ọgbà náà sọ pé kí àwa méjèèjì fi ẹnu kan irin, kí olúkúlùkù gba ilé rẹ̀ lọ. O mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ láàárín àwọn oníṣẹ́ irin. Làmídì kò lọ́ra rárá. Ó mú sípánà tó sún mọ́ ọn, ó fi ahọ́n kàn án, ó ní bó bá jẹ́ òun lòun da ọ́ìlì náà, kí Ògún má jẹ̀ẹ́ kí òun délé. Ó sì na sípánà náà sí mi.

N kò gbà á. Mo ní, "Ẹ má bínú sà, ìjọ wa kò fọwọ́ sí ìbúra."

Bàbá Onígẹdú mi orí wọn. Wọ́n ní, "Ọmọ Ọlọ́run kì í búra. Ẹni tó ń yára búra, ó ti mọ́ ọn lára ni." Ibẹ̀ ni ẹjọ́ parí sí.

Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, kò sí ẹni tó fẹ́ kí Làmídì fọwọ́ kan ọkọ̀ òun mọ́. Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Èmi náà ti ṣọ́ọ̀bù, mo lọ kọ́ṣẹ́ olùkọ́. Wọ́n máa ń sọ pé òtítọ́ kì í ṣìnà, irọ́ ní í forí gbọgbẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ tèmi. Irọ́ mi kò forí gbọgbẹ́. Ó di tíṣà, ó di ọ̀gá ilé-ìwé, ó sì fẹ̀yìntì.

Àjọkẹ́ mi, ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ kò pọ̀. Gbà wọ́n bí mo ṣe kọ wọ́n.

Èkíní, ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Má yan nǹkan nítorí pé orúkọ rẹ̀ ń dún. Wo iṣẹ́ tí ọkọ̀ náà ń ṣe láti ọjọ́ Ajé dé Sátidé, kí o yan èyí tó bá iṣẹ́ náà mu. Àwọn tó pọn ọ́ìlì eré-ìje kò ṣe ohun tó burú. Èmi tí mo gbé e dé ibi tí kì í ṣe tirẹ̀ ni mo ṣe é.

Èkejì, bí ẹnì kan bá fi ọ́ ṣẹ̀fẹ̀ lórí iṣẹ́, gbọ́ ohun tó wà nínú ẹ̀fẹ̀ náà kí o tó gbọ́ ẹ̀rín àwọn ẹlòmíràn. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Ọlọ́gbọ́n ń bẹ ní ṣọ́ọ̀bù mi, mo sì ń wo férémù.

Ẹ̀kẹta kan oníbàárà rẹ. Má bá a jiyàn níwájú èèyàn. Fún un ní àga. Sọ fún un pé, "Ẹ ṣeun bàbá, ọ́ìlì tẹ́ ẹ rà yìí dára púpọ̀, iṣẹ́ tirẹ̀ la ò ní níbí." Yọ pílọ́ọ̀gì ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kan, fi èédú tí ìrìn jẹ́jẹ́ ti jẹ́ kó dì sí i lórí hàn án. Ìwọ̀nba ni àgbàlagbà lè bá ohun tó fojú ara rẹ̀ rí jà. Bó bá tún kọ̀, dá kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ padà fún un pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, kí o kí i pé ó dàbọ̀.

Ẹ̀kẹrin ni "ọwọ́ mi mọ́" tí o sọ. Ọwọ́ rẹ kò ní í mọ́. Ẹni tó rò pé nǹkan kò yẹ, tó sì wá ẹni tí yóò dì í lé lórí kó tó ṣe é, ó ti mọ ohun tó ń ṣe. Èmi kò tiẹ̀ mọ̀ pé ọ́ìlì náà yóò ba ẹ́ńjìnnì jẹ́ nígbà tí mo dà á. Àìmọ̀ ni tèmi ní ìbẹ̀rẹ̀. Ìwọ mọ̀. Bí o bá dà á, o ti kọjá ibi tí mo dé.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo ń tu ara mi nínú pé n kò búra èké. Òótọ́ ni. N kò búra. Mo kàn jẹ́ kí ìjọ sọ̀rọ̀ fún mi. Máa kíyè sí òtítọ́ tó bá ń wúlò fún ọ jù.

Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ yìí wá pé Làmídì wà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọ̀nà ibẹ̀ kò ju nǹkan bíi wákàtí kan lọ. Bí mo bá ń kọjá ní Takie, mo máa ń wo apá kejì títì. Nígbà tí o lọ gba ṣọ́ọ̀bù sí ìlú náà, mo ní kí o lọ sí Ìbàdàn, pé ọjà Ìbàdàn tóbi jù. O rántí. Kì í ṣe nítorí ọjà.

Lánàá, Ọjọ́rú, mo wọ mọ́tò lọ síbẹ̀. N kò yà sọ́dọ̀ rẹ, má bínú. Mo sọ̀ kalẹ̀ ní Takie, mo béèrè Làmídì onímáṣíìnì, wọ́n sì júwe rẹ̀ fún mi, ẹ̀yìn àwọn tó ń ta àgbàdo. Ẹ̀rọ ìlọta ló ń tún ṣe báyìí. Ó jókòó lórí àpótí, ó fi okùn so awò ojú rẹ̀ mọ́ etí. Ó wò mí títí.

Ó ní, "Ọ̀mọ̀wé! O ti hewú."

Mo ní, "Ìwọ náà ńkọ́?"

"Tèmi kò dúró kó funfun. Ó ti lọ." Ó fọwọ́ pa orí rẹ̀. Ó tún mú sípánà, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Mo ní, "Làmídì, èmi ni mo da ọ́ìlì yẹn."

"Ta lò ń sọ fún? Èmi tí mo wà níbẹ̀?"

"Mo mọ̀ pé o mọ̀. Mo ní kí n fẹnu mi sọ ọ́ ni."

"Bàbá Onígẹdú ńkọ́?"

"Wọ́n ti kú."

"Àgbà tó ní ká fẹnu kan irin?"

"Òun náà ti kú."

"Ìyẹn ni pé o dúró kí gbogbo wọn kú tán."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó yọ bóòtù kan lára ẹ̀rọ náà, ó nu ún. Ó ní, "Gẹ̀ẹ́sì tí o sọ lọ́jọ́ náà, mo gbọ́ ọ. Kíláàsì mẹ́ta tó fún èèyàn láti gbọ́ orúkọ ara rẹ̀."

Lẹ́yìn náà ló sọ ohun tí n kò mọ̀. Ó ní ìyá òun kò bá òun sọ̀rọ̀ fún odindi ọdún kan. Kì í ṣe nítorí ọkọ̀. Ìyàwó alágbẹ̀dẹ ni ìyá náà, ó gbà pé ọmọ òun fi ẹnu búra èké lórí irin bàbá rẹ̀. Nígbà tó sì tún ń bá a sọ̀rọ̀, kò jẹun lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ títí tó fi kú. Làmídì sọ ọ́ bí ẹni ń sọ iye tí bẹ́líìtì tuntun ń jẹ́. Ó ní àbúrò òun obìnrin ṣì wà nílé wọn ní Ọ̀yọ́, òun náà sì gbà bí ìyá wọn ṣe gbà.

Ó ní, "Ilé wọn kò jìnnà sí tìrẹ. Èmi kọ́ ni kó o wá sọ fún. Lọ sọ fún un."

Kò sọ pé òun dárí jì mí, n kò sì béèrè. Nígbà tí mo dìde, mo sọ ti ọkọ̀ pupa rẹ fún un. Ó rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó ní, "Ọ́ìlì eré-ìje tún dé? Sọ fún ọmọ náà kó má dà á o. Bí bàbá yẹn bá bínú, kó ní kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi, màá bú u fún un." Bí o bá ń kọjá níbẹ̀, yà kí o kí i. Kúnlẹ̀ dáadáa. Má sọ pé èmi ni mo rán ọ.

Òwúrọ̀ ọ̀la ni mò ń lọ sílé àbúrò rẹ̀. N kò mọ ohun tí yóò ṣe. Ó lè ti ilẹ̀kùn mọ́ mi lójú, yóò sì tọ́ sí mi. Bí ìwọ bá sọ pé rárá fún oníbàárà rẹ ní Sátidé, ohun tó burú jù ni pé yóò gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Ìyá Làmídì ti kú, kò sí ohun tí mo lè sọ fún un mọ́. Nínú ọ̀rọ̀ tìrẹ àti tèmi, tìrẹ ni nǹkan kan kò tíì bàjẹ́.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.